Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Forúkọ Ọmọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Ní ọdún 2014, ìyàwó mi bí ọmọkùnrin ní London. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnjiníà ni mí, n kì í fẹ́ kí iṣẹ́ dúró nílẹ̀. Ọmọ ò tíì pé ọjọ́ márùn-ún tí mo ti lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Southwark, níbi tí à ń gbé. Wọ́n ní Lambeth ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i wà, ibẹ̀ ni kí n lọ. Mo lọ. Mo ní kí wọ́n kọ Daniel Ayọ̀délé. Mo mọ̀ pé Babátúndé lọmọ, àmọ́ mo rò ó pé ẹnu àwọn olùkọ́ òyìnbó ò ní gbà á.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Màmá mi bá wa sọ ọmọ lórúkọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Babátúndé, káàbọ̀." Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba?" Mi ò lè purọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Kò burú." Ẹni tó bá mọ Màmá mi mọ̀ pé "kò burú" yẹn burú gan-an.

Òfin ló yọ mí. Ní England àti Wales, láàárín oṣù 12 tí ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ lè fi orúkọ kún ti àkọ́kọ́. Ti orúkọ ìdílé ò sí nínú ìyẹn o. Mo kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n fi Babátúndé kún un, mo sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò Bàbá ni Màmá gbé e kọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ 42 ni òfin fún wa ní England àti Wales. Ní Scotland, ọjọ́ 21 ni. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, ìwé ẹ̀rí la máa ń sanwó fún. Èyí tó ní orúkọ bàbá àti ìyá ni kí ẹ gbà, torí òun ló wúlò fún páálí ìrìnnà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí wàhálà ni àtúnṣe.

Bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ẹnì kan nínú yín lè dá lọ. Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, kí bàbá bá ìyá ọmọ lọ. Láti December 2003, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yẹn ló ń fún un ní ẹ̀tọ́ òbí lábẹ́ òfin.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: ìwé ìbí kì í sọ ọmọ di ọmọ Britain. Láti 1983, ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́. Bí ẹ bá rí ìwé yẹn gbà lẹ́yìn náà, ẹ lè wá bá ọmọ béèrè.

Ní ti Child Benefit, ẹ tètè béèrè, torí oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ń san sẹ́yìn. Àmọ́ bí físà yín bá sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ lọ́yà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lókè òkun níbí, ẹ wo ilé, kí ẹ sì wo òfin pẹ̀lú. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ wa fún wa o.