Wọ́n Rówó Ra Ilé, Ìwé Ní Kí Wọ́n Má Gbé E: Ìtàn Ẹ̀yìn A Raisin in the Sun

Ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, bí ẹbí tó nilẹ̀ bá ti gbowó, tí àwọn ẹlẹ́rìí ti fọwọ́ sí rìsíìtì, ó ku kí ẹni tó ra ilẹ̀ wá bíríkìlà. Carl Hansberry náà sanwó. Adúláwọ̀ tó ń ṣòwò ilé ni, ní Chicago. Ní 1937 ó ra ilé, ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, làwọn jàǹdùkú bá yí ilé náà ká. Òkò tí wọ́n sọ wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọmọbìnrin rẹ̀ Lorraine. Ìyá Lorraine a máa fi ìbọn ṣọ́lé lóru.

Kí ló fà á? Àwọn òyìnbó onílé àdúgbò náà ti jọ tọwọ́ bọ̀wé pé wọn ò ní ta ilé fún adúláwọ̀, wọn ò sì ní fi háyà fún un. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ ló ń ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Adúláwọ̀ há sí àdúgbò díẹ̀, àwọn lánlọ́ọ̀dù ń gé yàrá sí wẹ́wẹ́, owó ilé sì ń gòkè.

Wọ́n fi ìwé náà pe Hansberry lẹ́jọ́. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì jàre ní 1940. Àmọ́ àwọn adájọ́ ò sọ pé ìwé náà burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹjọ́ àtijọ́ kan tó ti ìwé náà lẹ́yìn, tí Hansberry kò sí nínú rẹ̀, kò lè dè é. Ọdún 1948 ni ilé ẹjọ́ yẹn tó ní kí kóòtù kankan má fipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Hansberry ti kú ní Mẹ́síkò ní 1946. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka kíkọ adúláwọ̀ nílé sí ẹ̀ṣẹ̀ ò dé títí di 1968.

Lorraine fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré, A Raisin in the Sun. Ní March 11, 1959, ó di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí eré tó kọ dé Broadway, àdúgbò tíátà ní New York. Nínú rẹ̀, ìdílé Younger gba 10,000 dọ́là owó ìṣúránsì bàbá tó kú. Ìyá san àsansílẹ̀ ilé ní àdúgbò òyìnbó, ni òyìnbó kan bá wá fi owó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wulẹ̀ kó wá.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú eré náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Asagai. Ó kó aṣọ ilé wa wá fún Beneatha, ọmọbìnrin ilé náà, ó sì sọ ọ́ ní Alaiyo. Mi ò tíì gbọ́ Aláìyó níbi ìkómọ kankan rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní mọ ohun tó ń wí: oúnjẹ nìkan kọ́ lebi ọmọ yìí. Ẹni tó bá ti wá ilé háyà rí n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, tí lánlọ́ọ̀dù kọ́kọ́ bi í pé "Ọmọ ibo ni yín?" kó tó dárúkọ iye owó, mọ ebi náà.

Ìdílé Younger kọ owó òyìnbó náà. Wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, Ìyá padà wọlé lọ gbé òdòdó kékeré tó gbìn sínú ìkòkò, eré parí. Lorraine ò fi ohun tó ń dúró dè wọ́n ní àdúgbò tuntun hàn wá. Ó mọ̀ ọ́n. Òkò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á rí.