Edé Odò: Ìdílé Rẹ̀, Ẹ̀yà Ara Rẹ̀, àti Ìwúlò Rẹ̀

Ní ọjà Òṣòdì àti ní ti Ìsọlọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ kan kọjá láìsí edé lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú kan náà ni gbogbo rẹ̀, àti pé títóbi àti kíkéré nìkan ni ó fi yàtọ̀ sí ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Edé òkun wà, edé odò sì wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bímọ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò ayé wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀yà ara edé odò dáadáa ni yóò mọ ìdí rẹ̀ tí ó fi ń pọ̀ nínú odò kan, tí ó sì ń tán nínú òmíràn.

Ìdílé edé

Edé kì í ṣe ẹja. Ẹja ní eegun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n edé kò ní eegun kankan nínú ẹran ara rẹ̀. Ìkarahun tí ó bò ó lóde ni ó dúró fún eegun. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi kà á mọ́ agbo ńlá àwọn ẹ̀dá tí ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé, níbi tí akàn, àkekèé, aláǹtakùn àti tata wà pẹ̀lú. Nínú agbo yìí, edé àti akàn súnmọ́ ara wọn ju àwọn ìyókù lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ìrìn mẹ́wàá ni olúkúlùkù wọn ní. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Latreille, ni ó sọ ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá yìí ní Decapoda ní ọdún 1802.

Ìdílé tí edé odò ti wá nínú ẹ̀yà náà ni Palaemonidae. Nínú ìdílé yìí ni ìran kan wà tí Spence Bate, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè ní Macrobrachium ní ọdún 1868. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni “apá gígùn,” ó sì yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀. Irú edé tí ó wà nínú ìran yìí káàkiri ayé ju 200 lọ. Méjì ni ó lókìkí jù nínú ọ̀sà àti odò ilẹ̀ Èkó: Macrobrachium macrobrachion àti Macrobrachium vollenhovenii. Herklots, ará ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé nípa àwọn méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1851, ti èkejì ní ọdún 1857. Èkejì ni ó tóbi jù. Akọ rẹ̀ lè gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 láti ṣóńṣó imú dé ìrù. A ń rí i nínú àwọn odò tí ó ń ṣàn sí òkun láti Senegal títí dé Angola.

Ohun tí ó wà lóde ara

Ara edé pín sí ọ̀nà méjì. Orí àti àyà lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ ìkarahun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn wọn ni apá ìrù tí ó ní oríkèé mẹ́fà, tí a fi ń jẹ ẹran rẹ̀. Níwájú orí ni ìwo kan yọ tí ó ní eyín lókè àti nísàlẹ̀ bí ayùn. Ojú méjèèjì dúró lórí igi kékeré, edé sì lè yí wọn káàkiri láìyí orí.

Bí a bá ka gbogbo ẹ̀yà tí ó so mọ́ ara rẹ̀ ní méjì-méjì, wọn yóò jẹ́ oríṣi 19. Méjì àkọ́kọ́ ni irun gígùn tí ó fi ń gbọ́ òórùn, tí ó sì fi ń tọ́ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e wà yí ẹnu ká. Wọ́n ń di oúnjẹ mú, wọ́n sì ń rún un. Márùn-ún ni ẹsẹ̀ ìrìn. Márùn-ún mìíràn wà lábẹ́ ìrù bí àjẹ̀ ọkọ̀, àwọn ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì para pọ̀ mọ́ ṣóńṣó ìrù bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá bá dé, edé yóò ká abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fò sẹ́yìn kí ojú tó ṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ìrìn méjì àkọ́kọ́ ní ẹ̀mú lẹ́nu, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ti èkejì ni ó gùn jù lọ, pàápàá lára akọ tí ó ti dàgbà. Òun ni “apá gígùn” tí a fi sọ ìran náà lórúkọ. Òun ni akọ fi ń jà, òun náà ni ó sì fi ń fọ́ ìkarahun ohun tí ó fẹ́ jẹ.

Ìkarahun edé kì í dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ara bá kún inú rẹ̀, edé yóò bọ́ ọ sílẹ̀ bí ejò ti í bọ́ awọ, yóò sì fara pamọ́ títí tuntun yóò fi le. Ní ọjọ́ wọ̀nyí kò lágbára, edé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè pa á jẹ.

Ohun tí ó wà nínú ara

Inú orí ni ikùn edé wà. Láti ibẹ̀ ni ìfun ti gba ẹ̀yìn lọ dé ìrù. Òun ni okùn dúdú tí àwọn obìnrin ń fà yọ kí wọ́n tó se é. Ọkàn wà lókè, lẹ́yìn ikùn. Ohun tí ó fi ń mí nínú omi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lábẹ́ ìkarahun àyà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pupa, nítorí pé bàbà ni ó wà nínú rẹ̀ ní ipò irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní ti pupa tí edé ń pọ́n nígbà tí a bá sè é, inú ìkarahun ni àwọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀. Èròjà kan ni ó dè é tí kò jẹ́ kí ó hàn, iná ni ó sì ń tú u sílẹ̀.

Àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ ọ́n

Edé òkun tí a ń kó wá sí ọjà jẹ́ ti ìdílé mìíràn, Penaeidae. Ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ó wà láàrín wọn. Èkíní, ẹsẹ̀ méjì-méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ edé òkun ni ó ní ẹ̀mú, ṣùgbọ́n ti edé odò kò ju méjì lọ. Èkejì, bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ ìrù edé odò, ìkarahun oríkèé kejì gun orí èkíní àti ẹ̀kẹta. Ti edé òkun kò gun orí èkíní. Ẹ̀kẹta, edé òkun a máa tú ẹyin rẹ̀ dà sínú omi, ṣùgbọ́n abo edé odò a máa gbé ẹyin tirẹ̀ lábẹ́ ìrù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ fẹ́ omi sí wọn títí wọn yóò fi pa.

Omi méjì ni ayé rẹ̀

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní edé odò, ọmọ rẹ̀ kò lè dàgbà nínú omi odò nìkan. Nígbà tí ẹyin bá fẹ́ pa, abo yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi odò àti omi òkun ti dàpọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń gbé, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìdojúdé, ìrù ni ó sì ń ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ́ ara nígbà púpọ̀, tí wọ́n sì ti dà bí àgbà, wọn yóò tún gòkè padà sínú odò.

Ọ̀mọ̀wé Shao-Wen Ling ni ó rí àṣírí yìí lára irú kan tí ó wà ní Éṣíà, ní Penang ní ilẹ̀ Malaysia, ní ọdún 1961. Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè sin edé odò láti inú ẹyin, nítorí pé inú omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń fi àwọn ọmọ náà sí, wọ́n sì ń kú.

Nítorí náà, ọ̀sà Èkó jẹ́ ibi ìtọ́mọ fún edé. Omi iyọ̀ ń gba ẹnu ọ̀sà wọlé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da omi tútù sí i. Bí ògiri ìsédò bá sì dí ọ̀nà, edé tí ó wà lókè kò ní rí ibi bímọ, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì ní lè gòkè mọ́.

Edé, ìṣáwùrú, àti àtọ̀sí ajá

Àìsí edé nínú odò lè di ọ̀ràn àìlera fún ènìyàn. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, ti ọ̀dọ̀ aràn kékeré kan wá. Dókítà Theodor Bilharz, ará Jámánì, ni ó rí aràn náà ní ìlú Káírò ní ọdún 1851. Ní ọdún 1915 ni Robert Leiper fi hàn ní ilẹ̀ Íjíbítì pé inú ìṣáwùrú odò ni aràn náà ti ń dàgbà kí ó tó gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó bá wọ omi. Edé odò a sì máa jẹ ìṣáwùrú.

Ní ọdún 1986 ni a parí ìsédò Diama ní ẹnu odò Senegal. Omi iyọ̀ kò wọlé mọ́, edé dín kù lókè odò, ìṣáwùrú sì pọ̀. Láti ọdún 1988 ni oríṣi àrùn náà tí ń bá ìfun jà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Richard-Toll. Nígbà tí àwọn olùwádìí dá edé padà sínú omi abúlé kan níbẹ̀, tí wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní oògùn, ìṣáwùrú tí ó ní àrùn dín kù, àrùn tí ó ń padà sára ènìyàn sì dín kù. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2015. Nílé níhìn-ín, ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983 lórí odò tí ó ń ṣàn sínú odò Ògùn, mú omi tí ó dákẹ́ wá, irú èyí tí ìṣáwùrú fẹ́ràn. Àtọ̀sí ajá sì bá àwọn ará abúlé ẹ̀bá rẹ̀ jà gidigidi.

Edé kò gba ipò oògùn. Ọmọ tí ó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn praziquantel ń pa aràn náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ̀ sínú odò, nítorí inú ìtọ̀ ni ẹyin aràn ti ń dé ọ̀dọ̀ ìṣáwùrú.

Ìmọ̀ràn fún apẹja, oníṣòwò, àti onílé

Abo edé tí ó bá gbé ẹyin lábẹ́ ìrù, kí a dá a padà sínú omi láàyè. Ẹni tí ó pa á pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìgèrè àti àwọ̀n ni kí a fi mú edé. Kí a má ṣe da oògùn apakòkòrò bíi Gammalin 20 sínú odò. Èròjà inú rẹ̀, lindane, jẹ́ májèlé tí a kọ sínú àdéhùn Stockholm ní ọdún 2009 kí gbogbo ayé lè pa á tì. Ó ń pa ọmọ edé pẹ̀lú àgbà, kò sì dára fún ẹni tí yóò jẹ wọ́n.

Orí ni edé ti ń tètè bàjẹ́. Kí a gé e kúrò, kí a sì se ìyókù ní kíákíá tàbí kí a fi sórí yìnyín. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún tàbí tí ètè rẹ̀ ń wú lẹ́yìn tí ó jẹ edé, kí ó má ṣe jẹ ẹ́ mọ́. Bí èémí rẹ̀ bá ń há, kí a sáré gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ilé ti bo ilẹ̀, omi òjò ń gba ojú àgbàrá àti kánààlì lọ sí ọ̀sà. Epo mọ́tò àti ìdọ̀tí tí a bá dà sí ojú àgbàrá kò dúró níbẹ̀. Ibi tí ọmọ edé ti ń dàgbà ni wọ́n ń lọ. Kí olúkúlùkù kó ìdọ̀tí rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, kí ọjà lọ́la má bàa ṣe aláìní edé.