Asọ̀rọ̀gbèsì Lórí Àpáta: Èdè-Ìperí fún Rédíò Ìgbafẹ́ àti Àmì Morse ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn wa sọ ọ́. Orúkọ náà bá ohun tí wọ́n rí mu. Láti ọdún 1935 ní Èkó, àti láti ọdún 1939 ní Ìbàdàn, àpótí kékeré kan ni a máa ń gbé kọ́ ara ògiri. Wáyà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò sì sí bí onílé ṣe lè dá a lóhùn.

Irú rédíò mìíràn wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá. Ènìyàn lè gbé e sínú àpò, kí ó gbé e gun òkè, kí ó fi bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ní ìlú òkèèrè, kí onítọ̀hún sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Irú rédíò báyìí ni a fẹ́ pè ní asọ̀rọ̀gbèsì nínú bébà yìí.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe. Èkínní, a ó ṣàlàyé ohun tí rédíò ìgbafẹ́ jẹ́ àti bí a ṣe ń lò ó ní ìta gbangba. Èkejì, a ó dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a lè fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀kẹta, a ó fi hàn pé àmì Morse, bí ó ti wà lónìí, kò lè gbé èdè Yorùbá kí ohun kan má bọ́ sọnù lọ́nà, a ó sì dábàá àtúnṣe. Ìlú Ṣúpárè ní Àkókó ni a fi ṣe ibùdó àpẹẹrẹ wa. Òkè àpáta kò wọ́n ní agbègbè náà, orúkọ Ṣúpárè àti ti Ọ̀kà tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀ sì fi ìṣòro tí a ń sọ hàn kedere.

2.0 Kí ni Rédíò Ìgbafẹ́?

Rédíò ìgbafẹ́ ni fífi ìgbì rédíò ránṣẹ́ àti gbígba èsì, tí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba ń ṣe fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀, fún ìwádìí àti fún ìgbádùn, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A yan ìgbafẹ́ dípò eré, nítorí pé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é ni ọlọ́rédíò ìgbafẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá gbà á yóò ní orúkọ ìpè, èyí tí ó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Orúkọ ìpè ni a fi ń mọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. 5N ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà. Ṣáájú òmìnira, ZD2 ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin àgbáyé béèrè pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo ìgbì tí iye ìmì rẹ̀ kéré sí 30 MHz mọ àmì Morse. Ní ọdún 2003, ìpàdé àgbáyé lórí rédíò tí a ṣe ní Geneva yọ ọ̀ranyàn náà kúrò, ó sì fi í sí ọwọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, Morse kò parun. Agbára díẹ̀ ni ó ń fẹ́, àyè díẹ̀ ni ó sì ń gbà nínú afẹ́fẹ́. Etí lè mú un láàárín ariwo tí yóò bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé rédíò gun òkè fi fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 2002, a dá ètò kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Summits on the Air, nínú èyí tí ọlọ́rédíò ń gba máàkì fún orí òkè kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ránṣẹ́. Ètò náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

3.0 Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Ń Lọ Lórí Àpáta

Ká ní ọlọ́rédíò kan gun àpáta kan ní Ṣúpárè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrù rẹ̀ kò ju asọ̀rọ̀gbèsì kékeré kan, bátìrì kan, wáyà, okùn, ọ̀pá gígùn kan, ìtẹwáyà, ìwé àti pẹ́ńsùlù. Agbára tí yóò fi ránṣẹ́ kò ju 5 wáàtì lọ.

Wáyà tí ó mú dání ni yóò fi ṣe antẹ́nà. Bí a bá pín 300 sí ọ̀nà iye ìmì tí a fi MHz kà, a ó rí gígùn ìgbì ní mítà. Bí ó bá fẹ́ lo 14.060 MHz, gígùn ìgbì jẹ́ 21.3 mítà, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 10.7 mítà. A óò dín nǹkan bíi ìdá 5 nínú 100 kù, nítorí pé iná kì í sáré lórí wáyà bí ó ti ń sáré nínú òfurufú. Èyí tí ó kù jẹ́ 10.1 mítà. Yóò gé e sí méjì ọgbọọgba, yóò sì fi ọ̀pá gbé àárín rẹ̀ sókè.

Báwo ni 5 wáàtì ṣe lè dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jìnnà tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà? Ayé rí róbótó, ìgbì kì í sì í ya. Ohun tí ó ń gbé e dé ibẹ̀ ni ayónósífíà, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 60 kìlómítà sókè orí wa. Ìtànṣán oòrùn ń fọ́ àwọn átọ̀mù ibẹ̀ sí ẹyọ tí ó ní agbára iná, àwọn ẹyọ wọ̀nyí sì ń tẹ ìgbì rédíò padà wá sí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa: ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń fi ẹ̀rọ wọn ayónósífíà tí ó wà lókè ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń tẹ àbájáde wọn fún gbogbo ayé kà. Ìgbì tí ó bá kúrò ní Ṣúpárè yóò dé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bíi ìdá 60 ìṣẹ́jú-àáyá kan.

A lè béèrè pé kí ni ti òkè nínú rẹ̀. Ariwo ni ìdáhùn. Òpó iná àti jẹnẹrétọ̀ ń da ariwo sínú rédíò. Lórí àpáta tí ó jìnnà sí ilé, ariwo náà ń dínkù, etí sì ń gbọ́ ohun tí kò lè gbọ́ nínú ìlú. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé ohun méjì. Ẹni tí ó bá na wáyà sókè lórí àpáta nígbà tí òjò ń ṣú ń fi ara rẹ̀ wéwu, nítorí mànàmáná. Bákan náà, àpáta kan kì í ṣe àpáta lásán lójú àwọn onílùú. Ó yẹ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí a tó gùn ún.

4.0 Àmì Morse àti Ọ̀rọ̀ Tí A Ti Ní fún Un

Ní ọdún 1844 ni Samuel Morse fi àmì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1886, okùn wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Láti inú iṣẹ́ náà ni àwọn ènìyàn wa ti ní gbólóhùn tẹ wáyà. Ọ̀rọ̀ yìí dára, kò sì yẹ kí a wá òmíràn. Láti inú rẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá atẹwáyà, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, àti ìtẹwáyà, ohun tí a ń tẹ̀.

Ìró méjì péré ni àmì Morse ní, ìró kúkúrú àti ìró gígùn. Bí a bá fi ìró kúkúrú ṣe ẹyọ-àkókò kan, ìró gígùn jẹ́ 3. Àlàfo inú lẹ́tà jẹ́ 1, àlàfo láàárín lẹ́tà méjì jẹ́ 3, ti àárín ọ̀rọ̀ méjì sì jẹ́ 7.

Bí a ó ti máa pe ìró méjèèjì lẹ́nu nígbà tí a bá ń kọ́ni gba àròjinlẹ̀. A dábàá di fún kúkúrú, daa fún gígùn, ohùn àárín ni kí a sì fi pe méjèèjì. Ìdí ni pé ìró Morse kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Gígùn nìkan ni ó fi ń yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá pè é ní dí àti dàà, etí Yorùbá yóò máa retí ìyàtọ̀ ohùn níbi tí kò sí. Nígbà tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ojúlówó ìró láti inú rédíò, kò ní í dá a mọ̀.

5.0 Ohun Tí Ìlù Ń Gbé, Ohun Tí Morse Ń Gbé

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlù dùndún ni Morse ti àwọn baba wa. Ìfiwéra náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí wò:

(1) Mo rí Ọ̀kà. (ìlú)
(2) Mo rí ọkà. (irúgbìn)
(3) Mo rí ọká. (ejò)

Bí atẹwáyà bá fi wọ́n ránṣẹ́, ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dà: MO RI OKA. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè kò ní í mọ̀ bóyá kí òun bá a yọ̀ ni, tàbí kí òun sáré gbé oògùn ejò wá.

Bí onílù bá fi dùndún sọ ọ́, yóò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlù kò mọ kọ́ńsónáńtì. Mo rí Ọ̀kà àti Mo rí ọ̀nà, ọ̀kan ni lójú ìlù. Mo rí ọká àti Mo rí ọkọ́ tí a fi ń roko kò yàtọ̀ síra. Onílù mọ èyí, ìdí nìyí tí ó fi máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, tí ó ń lo oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Atẹwáyà ní tirẹ̀ máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ìlù ń gbé ohùn, ó ń da lẹ́tà nù. Morse ń gbé lẹ́tà, ó ń da ohùn nù. A kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

6.0 Àbá Wa

Nǹkan márùn-ún ni àkọtọ́ Yorùbá ní tí lẹ́tà Morse kò ní: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún sì wà nínú Morse tí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò lò: C, Q, V, X, Z. Iye méjèèjì dọ́gba. Kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá àmì tuntun tí atẹwáyà ilẹ̀ mìíràn kò ní í mọ̀. A dábàá báyìí:

Ṣ: lo C (daa di daa di)
Ẹ: lo X (daa di di daa)
Ọ: lo Z (daa daa di di)
Ohùn òkè: lo V (di di di daa), lẹ́yìn fáwẹ́lì
Ohùn ìsàlẹ̀: lo Q (daa daa di daa), lẹ́yìn fáwẹ́lì

Ohùn àárín kò ní àmì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àkọtọ́. GB yóò jẹ́ G àti B. Bí aránmúpè aṣesílébù bá ní ohùn, àmì yóò tẹ̀lé e bí ó ti ń tẹ̀lé fáwẹ́lì.

A kò ṣàdédé pín in bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́rédíò ní àkékúrú tí gbogbo ayé mọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, bí QTH àti QRZ. Nítorí pé àmì ohùn kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, a kò ní í ṣi wọ́n kà. CQ, tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbọ́, yóò jẹ́ ṣ tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀lé, èyí tí kò sí nínú èdè wa.

Nípa báyìí, Ọ̀kà di ZQKAQ, ọkà di ZKAQ, ọká di ZKAV. Ṣúpárè di CUVPAVREQ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iye tí yóò ná wa. Bí ẹyọ-àkókò kan bá jẹ́ ìdá 10 ìṣẹ́jú-àáyá, SUPARE gba 5.1 ìṣẹ́jú-àáyá, CUPARE gba 5.7, CUVPAVREQ gba 9.7. Èyí tí ó ní ohùn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, kí a máa lo C, X àti Z nígbà gbogbo, kí a sì fi V àti Q sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè rú ni lójú nìkan.

Òfin àgbáyé kò gbà kí ọlọ́rédíò ìgbafẹ́ fi àrokò bo ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Àbá yìí kì í ṣe àrokò, àkọtọ́ ni. Síbẹ̀, ohun tí yóò mú kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí gbogbo ènìyàn lè rí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe níhìn-ín.

7.0 Àkójọ Ọ̀rọ̀-Ìperí

asọ̀rọ̀gbèsì: ẹ̀rọ rédíò tí ó lè ránṣẹ́, tí ó sì lè gba èsì
atẹwáyà: ẹni tí ń fi àmì Morse ránṣẹ́
ẹyọ-àkókò: gígùn ìró kúkúrú kan, tí a fi ń wọn ìyókù
iye ìmì: iye ìgbà tí ìgbì mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan
ìtẹwáyà: ohun èlò tí atẹwáyà ń fi ìka tẹ̀
ọlọ́rédíò ìgbafẹ́: ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ fún rédíò ìgbafẹ́
orúkọ ìpè: lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá ọlọ́rédíò mọ̀

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ó lè fi sọ̀rọ̀ nípa rédíò ìgbafẹ́, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tipẹ́. Èyí tí ó ku díẹ̀ káàtó ni ọ̀nà tí èdè náà fúnra rẹ̀ yóò gbà kọjá lórí wáyà. OKA gba 3.1 ìṣẹ́jú-àáyá, ZKAV gba 4.3. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.2 ni ìyàtọ̀ wọn. Kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó wà lórí àpáta, tí ó fẹ́ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ̀ pé ejò ni òun rí, kì í ṣe ìlú. Àwọn tí yóò dán àbá yìí wò lórí afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ibi tí ó kù sí, a ó sì máa retí èsì wọn.