Ẹ má tí ì yọ́ owó àtijọ́ yẹn o: Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀

Bí wọ́n bá ń pín ogún ní Àpáta, n'Ìbàdàn, ilẹ̀ àti ilé ni gbogbo ẹbí máa ń tẹjú mọ́. Agolo tí ìyá àgbà kó kọ́bọ̀ oníhò, sísì àti ṣílè sí kì í jọ wọ́n lójú. Ẹlòmíràn a kó o fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ́ ọ fi ṣe òrùka, ẹlòmíràn a sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú agolo náà kó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ọdún 1907 ni irú kọ́bọ̀ oníhò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Ọdún 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì tí wọ́n fi fàdákà rọ dé. Ṣùgbọ́n fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́ láti 1920. Ìdí nìyí tí ṣílè kan fi funfun, tí èkejì sì pọ́n.

Kì í ṣe ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló rọ àwọn owó yìí. Ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní Birmingham pẹ̀lú. Ẹ wo ìtòsí ọdún tó wà lára owó náà dáadáa. Bí ẹ bá rí H, ti ìdílé Heaton ni, ilé iṣẹ́ tó kógbá wọlé ní 2003. KN jẹ́ ti King's Norton. G, tó jẹ́ ti J. R. Gaunt, kì í sábà yọjú.

Lẹ́tà kékeré yìí ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń kọ́kọ́ wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, yóò jẹ́ kó yé wa. Wọ́n rí wúrà níbẹ̀ ní 1848, èrò sì ya lọ. Kò sí ilé ìrọwó ìjọba nítòsí títí di 1854, eruku wúrà ni wọ́n ń wọ̀n láti fi rajà. Àwọn aládàáni, bíi Moffat ní San Francisco, wá ń rọ owó wúrà tiwọn, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn sí i. Kì í ṣe ìjọba ló ní kí wọ́n rọ owó tó ní orúkọ wọn yìí, bíi ti Heaton. Nígbà tí àṣírí tú pé wúrà inú ti àwọn kan kò pé, aráàlú kọ̀ ọ́, wọ́n sì yọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1864, òfin fòpin sí i. Ìwọ̀nba tó bọ́ lọ́wọ́ iná ni àwọn olówó ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lónìí.

Iná yẹn kan náà ló ń jó ṣílè fàdákà tiwa.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo owó àtijọ́ ló níye lórí. Kọ́bọ̀ 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ni àpẹẹrẹ. Ọba náà fi orí oyè sílẹ̀ lọ́dún náà láìtíì dé adé, àwọn kan sì ń tìtorí èyí pariwo pé owó ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ nìkan ló wà lára owó oníhò, kò sí àwòrán orí ọba, nítorí náà wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá láwọn yóò fi ọ̀kẹ́ àìmọye náírà rà á, tó sì ń bèèrè owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín, gbájúẹ̀ ni.

Ohun mẹ́ta ló ń gbé owó àtijọ́ níyì: kó ṣọ̀wọ́n, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Ẹ má ṣe fi yanrìn, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè dán, nítorí iyì rẹ̀ ni ẹ ń bó dànù. Ẹ fi ìwé gbígbẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọdún àti lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó fi í sílẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá tilẹ̀ mú owó wọlé, ọmọ yín yóò mọ irú owó tí ìyá àgbà ná.