Òdo tí wọ́n rí nínú ọkàn: Dókítà Agatston àti òǹkà kálísíọ́mù rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tó ń gbé ní Houston báyìí, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Prof, ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi wò, òdo ni wọ́n rí. Ṣé mo lè fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sílẹ̀ báyìí?" Lójú ẹsẹ̀ ni mo pè é, mo ní kó má dán an wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn ún fún gbogbo yín, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló gba irú èsì bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí o, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fi kọ́ yín. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn fúnni.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òǹkà yẹn ni Arthur Agatston, dókítà ọkàn tí wọ́n bí ní 1947, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì New York, tó wá lọ fìdí kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn Mount Sinai ní Miami Beach. Ìwé lórí oúnjẹ tó kọ ní 2003, The South Beach Diet, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín máa ń pa mí sí i. Ìwé oúnjẹ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn dókítà ń lò lójoojúmọ́ títí dòní jẹ́ àpilẹ̀kọ ojú ewé mẹ́fà péré, tó jáde ní 1990.

Kí ló fẹ́ mọ̀? Nígbà yẹn, tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ìkọlù ọkàn, ìyẹn heart attack, lè mú, ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ ó wò, àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kọlẹ́sítẹ́róòlù, sìgá mímu. Gbogbo ìyẹn sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tó wà nínú òpó náà gan-an. Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ sáré lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àfi tí òpó bá ti fún gan-an kí ìyẹn tó fi nǹkan hàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìkọlù ọkàn ló ń ti ibi tí kò tíì fún púpọ̀ wá: ọ̀rá tó gbá jọ sínú ògiri òpó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dì lé e, ọ̀nà dí. Ẹni tó sáré dáadáa lórí ẹ̀rọ lánàá lè ṣubú lónìí.

Ibẹ̀ ni kálísíọ́mù ti wúlò. Ẹ ronú nípa egbò. Tí egbò bá wà lára, ara á gbìyànjú láti fi èépá bò ó. Nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ọ̀rá bá wọlé, tí àwọn ọmọ ogun ara lọ bá a jà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á di egbò ọlọ́jọ́ pípẹ́, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó kálísíọ́mù lé e, irú ohun kan náà tó mú eegun le. Kì í ṣe torí pé ẹni náà jẹ eegun ẹja jù o! Èépá ni. Tẹ́ ẹ bá rí èépá, ẹ mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀, kódà tí olúwarẹ̀ ò bá mọ̀ ọ́n lára.

Ìṣòro tó kù ni bí wọn ó ṣe rí i. Ọkàn kì í dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n yà á ní fọ́tò, ẹ̀rọ CT ìgbà náà kò sì yára tó. Douglas Boyd, onímọ̀ físíìsì kan ní California, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ya àwòrán láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Agatston àti Warren Janowitz, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ wíwo àwòrán inú ara, wá ṣe ìlànà kíkà á. Ìlànà náà rọrùn débi pé mo lè kọ ọ́ sí pátákó fún yín. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, omi jẹ́ òdo. Ibi tó bá dé 130 sókè, tó sì fẹ̀ tó mìlímítà kan níbùú lóròó, kálísíọ́mù ni wọ́n kà á sí. Tí ibi tó le jù níbẹ̀ bá wà láàárín 130 sí 199, wọ́n á fi 1 sọ fífẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀; 200 sí 299, wọ́n á fi 2; 300 sí 399, wọ́n á fi 3; 400 sókè, wọ́n á fi 4. Bí ojú kan bá fẹ̀ tó 5, tó sì le tó 250, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 10. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó parí.

Èèyàn 584 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Nínú àwọn 50 tí wọ́n tún fi x-ray àtijọ́ wò, ẹ̀rọ tuntun rí kálísíọ́mù lára ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àtijọ́ rí i lára ìdá 52.

Ẹ má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un kíá. Àwọn kan ní ogbó lásán ni kálísíọ́mù. Àwọn mìíràn bínú pé àwọn oníṣòwò ti ń polówó àyẹ̀wò náà fún ará ìlú kí ẹ̀rí tó pé, àti pé mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ ni ìwádìí MESA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 pẹ̀lú èèyàn 6,814 ní ìlú mẹ́fà ní Amẹ́ríkà: aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ilẹ̀ tó ń sọ Sípáníìṣì, àti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ṣáínà. Ní 2008, Robert Detrano, tó wà lára àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ 1990, gbé èsì jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ewu ẹni tí òǹkà rẹ̀ wà láàárín 101 sí 300 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ti ẹni tó ní òdo. Ẹni tó kọjá 300, ó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ní 2018, ìlànà àwọn dókítà ọkàn Amẹ́ríkà gbà pé kí wọ́n lò ó nígbà tí dókítà àti aláìsàn kò bá lè pinnu bóyá kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn kọlẹ́sítẹ́róòlù.

Ohun kan tún wà tó máa ń wù mí láti sọ. Ní 2014, ìwádìí MESA kan náà fi hàn pé tí ìwọ̀n kálísíọ́mù ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tí tirẹ̀ le jù ni ewu rẹ̀ kéré. Èépá tó gbẹ dáadáa ni, àbí? Ṣùgbọ́n òǹkà Agatston ń fún èyí tó le ní máàkì púpọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí òǹkà ẹni tó ń lo oògùn kọlẹ́sítẹ́róòlù fi lè lọ sókè nígbà tí oògùn ń ṣe é lóore. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà.

Ó wá kan àwa. Nínú MESA, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun ló ní kálísíọ́mù. Ti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jẹ́ ìdá 52. Ẹ má tíì jó. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ń bá jà jù. Nílé níbí pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ ríru ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkúgbé fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kọ́ wa nípa rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru kì í dúró de kálísíọ́mù kó tó mú kí ọkàn wú, kó ba kíndìnrín jẹ́, tàbí kó bẹ́ òpó nínú ọpọlọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lo ọ́fíìsì kan náà pa oògùn tirẹ̀ tì torí ara rẹ̀ le. Rọpárọsẹ̀ gbé e lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bóyá òdo ni wọn ì bá rí nínú òpó ọkàn rẹ̀.

Nítorí náà, òdo ọmọ mi ní Houston dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ó ṣeé ṣe kó má tíì nílò oògùn kọlẹ́sítẹ́róòlù. Tó bá jẹ́ pé ó ń mu sìgá ni, tàbí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ìkọlù ọkàn ti pa bàbá rẹ̀ ní kékeré, òdo náà kò tó gbára lé. Ẹni tí àyà ń dùn lọ́wọ́lọ́wọ́ kò sì gbọ́dọ̀ dúró ka kálísíọ́mù rárá, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ.

Ó pè mí padà lálẹ́ àná. Ó ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti ń lo oògùn rẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ 138 lórí 84 láàárọ̀. Mo ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú.