Kí aago má baà pa wá: bí a ṣe lè tẹ̀ síwájú nínú ṣẹ́ẹ̀sì kíákíá

Láti ìgbà tí Tunde Onakoya ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square, ní New York, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìbéèrè nípa ayò yìí tó ń wọlé sí mi ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé: "Mo ń ta á lójoojúmọ́ lórí fóònù, kí ló dé tí mi ò tẹ̀ síwájú?" Mo sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí, àmọ́ ìṣirò wà nínú ẹ̀, ìṣirò ò sì dùn ún gbọ́ létí nìkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Ọmọ ayò ni mo máa pe gbogbo ohun tí à ń gbé lórí ọpọ́n. Ọba ni a kò gbọdọ̀ pàdánù. Ayaba ló lágbára jù. Ilé ìṣọ́ ń rìn tààrà, bíṣọ́ọ̀bù ń gba ọ̀nà igun, ẹṣin ń fò, ọmọ-ogun sì ni àwọn kéékèèké mẹ́jọ tó wà níwájú. Bí ẹnikẹ́ni ò bá borí, ọ̀mì ni a ta.

Báwo ni kíákíá ṣe yá tó?

FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, sọ pé tí àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan kò bá ju ìṣẹ́jú 10 lọ fún gbogbo ayò, blitz nìyẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú 3 tàbí 5 ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ìdíje blitz àgbáyé, ìṣẹ́jú 3 ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún un fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ àtinúdá lórí aago tó ń fi àkókò kún àkókò bẹ́ẹ̀. Irú aago yẹn ni òun àti Boris Spassky lò nígbà tí wọ́n tún pàdé ní ọdún 1992.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìṣẹ́jú 3 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180. Tí ayò bá gba ìgbésẹ̀ 40, àáyá mẹ́rin àti ààbọ̀ ló kan ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí àáyá 2 bá ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan, àáyá 80 ló máa kún un, gbogbo rẹ̀ á di 260, ìgbésẹ̀ kan á sì ní àáyá mẹ́fà àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá a máa ráyè wo ọpọ́n tàbí a kàn máa ju ọwọ́. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: tí ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan, ẹ yan ayò tó ní àfikún àáyá.

Níbi tí ayò ti bàjẹ́ gan-an

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Leeds, ọmọ ọdún 16 ni. Ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú wọn nínú ìdíje, ayò kíákíá ni wọ́n sì máa fi dán wọn wò. Máàkì rẹ̀ ti dúró sójú kan fún bí ọdún kan. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀: "Àǹtí, bóyá ọpọlọ tèmi kàn ò yá ni." Bàbá rẹ̀ náà ti ń sọ pé kó pa ayò tì, kó dojú kọ ìwé.

Èmi kì í ṣe ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ mi ni kí n máa wo dátà. Mo ní kó kó àwọn ayò tó pàdánù jáde, kí a pín wọn sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin: èyí tí aago pa, èyí tó ti fi ọmọ ayò tọrẹ, èyí tó bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti èyí tó bàjẹ́ ní ìparí. Kò sí owó tí ẹ máa san fún irú iṣẹ́ yìí. Lichess máa ń fi hàn yín iye àkókò tí ẹ lò lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Stockfish, ẹ̀rọ tó ń yẹ ayò wò, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Alaalẹ́ ló ń wo fídíò nípa ìbẹ̀rẹ̀ ayò, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣófo jù. Apẹ̀rẹ̀ aago àti ti ìtọrẹ ló kún, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ 12, nígbà tí ọpọ́n rẹ̀ ṣì dára, á jókòó ti ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo fún odindi ìṣẹ́jú kan, á máa wá èyí tó dára jù lọ láyé. Nígbà tó bá fi máa dé ìgbésẹ̀ 30, aago ti ń lé e, á wá gbé ayaba síbi tí ẹṣin á ti jẹ ẹ́. Lójú rẹ̀, ìgbésẹ̀ 30 ló bà á jẹ́. Ó wá rí i lórí àwòrán aago pé ìgbésẹ̀ 12 ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Mo sọ fún un pé: "Ọpọlọ rẹ yá dáadáa. Owó ọjà lo ná tán ní ìsọ̀ àkọ́kọ́."

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ń ta kíákíá ń ronú kíákíá ni. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Adriaan de Groot, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní àwọn ọdún 1940. Ní ọdún 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà tún un ṣe. Wọ́n fi ọpọ́n han àwọn òṣèré fún àáyá 5, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un tò láti inú orí. Àwọn ọ̀gá rántí ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ayò wà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rántí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kàn da ọmọ ayò sílẹ̀ ṣákálá lórí ọpọ́n, láì sí àpẹẹrẹ ayò gidi níbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Kí ni ìyẹn kọ́ wa? Ọ̀gá kì í rí ọmọ ayò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì ìdì ló ń rí wọn, bí a ṣe ń ka odindi ọ̀rọ̀ láì pe lẹ́tà rẹ̀. Ẹ wo àgbà tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi: kí ẹ tó ka ọmọ inú ilé kan tán, ó ti ta tirẹ̀, ó ti kó o. Ó ti rí irú rẹ̀ rí ni.

Nítorí náà, ìta gbangba kọ́ ni a ti ń ra ìyára. Ibi tí a ti ń rà á ni ìgbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, tí a ń yanjú àlọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, tí a ń ta ayò gígùn, tí a sì ń padà wo ibi tí a ti kọsẹ̀. Blitz kàn ń dán ohun tí a ti kó pamọ́ wò ni. Ẹni tó bá ta ẹgbẹ̀rún ayò láì padà wo ọ̀kan, àṣà tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń mú le sí i.

Bí a ṣe ń ná àkókò

Ètò tí mo bá ọmọ náà ṣe fún ayò ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú àfikún àáyá 2 nìyí:

1. Nígbà tí ìgbésẹ̀ 10 bá pé, aago kò gbọdọ̀ kéré sí ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀.
2. Nígbà tí ìgbésẹ̀ 25 bá pé, ó kéré tán, kí ìṣẹ́jú kan ṣẹ́kù.
3. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la lè ronú jinlẹ̀ nínú ayò kan, kó má sì ju àáyá 20 lọ.
4. Tí alátakò bá ń ronú, kí àwa náà máa ronú. Àkókò tirẹ̀ ló ń lọ, kì í ṣe tiwa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bó ti wù kí aago sáré tó, kí ọwọ́ tó kúrò, ẹ fi ojú yẹ nǹkan mẹ́ta wò: ṣé ó lè halẹ̀ mọ́ ọba mi? Ṣé ó lè jẹ nǹkan mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ayaba mi ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á máa fà yín sẹ́yìn. Tó bá yá, á di bí ẹni ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó kọjá títì.

Ọ̀nà ìta tó bá kíákíá mu

Nínú ayò gígùn, a lè wá ìgbésẹ̀ tó dára jù. Nínú blitz, ẹ wá èyí tó dára tó. Ìgbésẹ̀ tó ń halẹ̀ mọ́ nǹkan dára gan-an, torí ó ń bi alátakò ní ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ á sì ná an lákòókò.

Ẹ yan ìbẹ̀rẹ̀ kan tí ẹ lè fi ọwọ́ tò láì ronú púpọ̀. Bí ẹ bá ń ta funfun, London System dára: ọmọ-ogun sí d4, bíṣọ́ọ̀bù sí f4, ẹṣin sí f3, ọmọ-ogun sí e3 àti c3. Bí ẹ bá ń ta dúdú tí alátakò sì gbé ọmọ-ogun sí e4, ẹ lè fi Caro-Kann dáhùn, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ogun sí c6. Èyí tí ẹ bá mọ̀ dénú dára ju mẹ́wàá tí ẹ gbọ́ lórúkọ lọ.

Tí ẹ bá ti ń borí, ẹ máa ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ ayò, kí ọpọ́n ṣófo. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń pàdánù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè rú alátakò lójú. Ẹ̀yin ará wa ní Kúbà kò ní jìnnà kí ẹ tó rí àwòkọ́ṣe: José Raúl Capablanca, ọmọ Havana, ni ọba ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé láti 1921 sí 1927. Ayò rẹ̀ mọ́ kedere, ó rọrùn lójú, ìparí rẹ̀ sì dán mọ́rán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ta láì lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, kó lọ wo àwọn ayò rẹ̀.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ àti òfin

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a lè sọ ìgbésẹ̀ wa sílẹ̀ kí alátakò tó ta tirẹ̀. Lichess kì í gba àkókò kankan fún un, Chess.com ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá àáyá. Ẹ lò ó nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí a ní láti jẹ ẹni tó jẹ wá. Níbòmíràn, ó léwu, torí alátakò lè ta ohun tí ẹ ò retí.

Ẹ tún ṣètò rẹ̀ kí ọmọ-ogun tó bá dé òpin máa di ayaba fúnra rẹ̀, kó má baà bi yín ní ìbéèrè nígbà tí àáyá 3 ló kù.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tí aago yín bá tán, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọba nìkan ló kù lọ́wọ́ alátakò, ẹ ò pàdánù, ọ̀mì ni. Nítorí náà, tí àkókò bá ń tán lọ, tí ẹ sì lè jẹ ọmọ-ogun rẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ tètè jẹ ẹ́.

Ẹ sì kọ́ ìparí mẹ́ta dójú àmì: ọba pẹ̀lú ayaba, ọba pẹ̀lú ilé ìṣọ́, àti ọba pẹ̀lú ọmọ-ogun kan, sí ọba nìkan. Ẹ bá kọ̀ǹpútà ta á títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tó yẹ ká dìde

Tí ẹ bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ẹ pa á. Ìbínú kì í ka aago. Ẹni tó ń wá ẹ̀san ní aago méjì òru, máàkì ló fi ń ṣòfò, oorun náà á sì lọ.

Ètò tí a fi tu bàbá ọmọ náà lójú nìyí: ìṣẹ́jú 20 fún àlọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ayò blitz mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà kó padà wo ọ̀kan nínú wọn, kó sì kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sínú ìwé. Ó parí fún ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ wálẹ̀, ó sì fẹ́ jáwọ́. Mo ní kó má wo máàkì, kó ka iye ayò tí aago pa. Ìyẹn ti ń dínkù. Máàkì tẹ̀ lé e gòkè lẹ́yìn náà. Wọ́n mú un sí ìdí ọpọ́n tó kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ ilé ìwé wọn, bàbá rẹ̀ sì ti ń bi í pé ọjọ́ wo ni ìdíje.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó ta ayò tuntun, ẹ ṣí èyí tí ẹ pàdánù kẹ́yìn. Ẹ má wo ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ wá ibi tí ẹ ti ná àkókò jù, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ohun tí ẹ rà níbẹ̀ tó owó tí ẹ san.