Àyìndé Bákàrè, Ẹni Tí Ó Fún Gìtá Jùjú Ní Ohùn

Wọ́n pè mí sí ẹjọ́ kan ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ẹjọ́ náà kò sì tí ì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọdékùnrin tí kò tí ì pé ọdún 17, ni bàbá rẹ̀ fún ní owó lẹ́sìnnì nítorí ìdánwò tí ń bọ̀. Ó kó owó náà, ó fi kún èyí tí ó ti ń tù jọ díẹ̀díẹ̀, ó lọ fi ra gìtá oníná àlòkù kan. Ìyá rẹ̀ rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ẹbí ti gbọ́.

Èmi ni àgbà tí ó kù fún wa ní Òtò níhìn-ín, mo sì ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún 36 kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá. Bàbá ọmọ náà, ẹni tí ń ta aṣọ ní ọjà Òyìngbò, gbé gìtá náà kalẹ̀ sí àárín pálọ̀ mi bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá gbé ẹrù olè kalẹ̀ ní kóòtù.

Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n fi owó ìwé rà. Èmi ń wá bí ọmọ yìí yóò ṣe di ẹ̀ńjíníà, òun ń wá bí yóò ṣe di alágbe. Kí tilẹ̀ ni tiwa nínú nǹkan òyìnbó yìí? Ṣé kò rí ìlù ni?"

Ní ti owó, mo bá ọmọ náà wí débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò ní tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ti ìlù àti nǹkan òyìnbó, mo rí i pé bàbá kò mọ ìtàn náà, ọmọ tí ó ra gìtá kò sì mọ̀ ọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Mo bi í pé, "Ta ni Àyìndé Bákàrè?" Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ orúkọ àwọn onígìtá Amẹ́ríkà tó mẹ́fà tàbí méje, ó lè ka orúkọ wọn bí ẹni ń ki oríkì.

Èyí ni ó mú mi gbé kálámù.

JÙJÚ KÍ INÁ TÓ DÉ

Ní 1912 ni wọ́n bí Àyìndé Bákàrè ní Òkèsúnà, ní ìhà Láfíàjí ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di géńdé, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí orin jùjú ni Túndé King, abẹ́ Túndé King yìí ni Bákàrè sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Kò pẹ́ tí ó fi dá dúró. Ní 1937 ó ti kọrin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, àwọn tí wọ́n ń ya àwòrán ajá tí ó dẹ etí sí ẹnu giramafóònù.

Bàbá mi ní irú àwo wọ̀nyí nílé. Àwo dúdú ni, ó wúwo, ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó di àfọ́kù nìyẹn. Mo fọ́ ọ̀kan rí. Ẹ má bi mí ní iye ẹgba tí mo jẹ.

Orin jùjú ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbọ́ ní òde ìnáwó lónìí. Ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni: ẹnì kan ń ta bánjò ó sì ń kọrin, ẹnì kan ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń lu jùjú, ìlù pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ sí létí, bóyá kí ẹnì kan sì máa gbe orin. Inú pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tàbí ẹ̀yìnkùlé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ bá péjọ sí tí wọ́n ń mu ẹmu àti bíà. Orin ìjókòó ni. Ẹni tí ó bá jìnnà díẹ̀ kò ní mọ̀ pé wọ́n ń ṣeré.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, Èkó kún. Ẹni tí ó bá mọ Òtò yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ní apá kan, rélùwéè ń fọn fèrè ní Ìddó. Ní apá kejì, ọkọ̀ ẹrù ń rọ́ gìrì lọ sórí Afárá Carter. Òyìngbò ń hó nítòsí. Kí o tó bá aládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀, ó di dandan kí o gbé ohùn sókè. Ìnáwó pàápàá ti jáde kúrò nínú pálọ̀, ó ti bọ́ sí títì. Àwọn olówó tuntun ń sìnkú, wọ́n ń ṣílé, wọ́n ń kó ọmọ jáde, wọ́n ń fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni gángan wọlé. Àkànbí Wright ni ó mú un wọ inú jùjú ní 1948. Ẹ̀yin náà mọ gángan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́, pàápàá ẹni tí ó ń dárúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni bánjò yóò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bánjò yóò máa ké bí ẹyẹ nínú ìjì. Olórin yóò la ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ yóò yọ, ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn kò ní gbọ́ ju ìlù lọ. Ìlù àti okùn kò lè gbé pọ̀, bí kò ṣe pé ẹnì kan wá nǹkan ṣe sí i.

Ní 1949, Bákàrè wá nǹkan ṣe sí i. Ó rí irú maikirofóònù kékeré kan tí a kì í gbé sí iwájú ẹnu, ara igi ohun èlò orin ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí okùn bá gbọ̀n, igi á gbọ̀n; maikirofóònù á sọ gbígbọ̀n náà di iná mànàmáná tí kò tó nǹkan, wáyà á gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tí ń sọ ọ́ di ńlá, gbohùngbohùn á sì tú u síta fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ojú bánjò, awọ ni. Kò sí ibi tí ènìyàn lè lẹ nǹkan náà mọ́ tí yóò fi jókòó dáadáa. Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe gbé ohun èlò tí ó fi di olókìkí jù sílẹ̀, tí ó gbé gìtá onígi, èyí tí ó ní ikùn gbòòrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Bákàrè kò fi ìlù sílẹ̀ kí ó lè wá tẹ̀lé iná. Ìlù ni ó kọ́kọ́ dé, kí iná tó tẹ̀lé e. Nítorí kí gángan lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni gìtá ṣe wá ohùn. Ohun tí mo sọ fún bàbá ọmọ náà nìyẹn, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà kọ lẹ́tà sí mi: mo mọ Bobby Benson. Ó ti ìlú òyìnbó dé ní 1947, òun náà sì lo gìtá oníná, ilé ijó rẹ̀ Caban Bamboo tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti dàgbà ní ìhà tiwa. Ṣùgbọ́n orin ijó inú gbọ̀ngàn ni tirẹ̀, fún àwọn tí wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Orin tí Bákàrè fi iná ràn lọ́wọ́ ni èyí tí ìyá aláṣọ àti bàbá agbẹ́nà lè pè wá sí iwájú ilé wọn.

ẸNÌ KEJÌ RẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ọmọ náà ní Muddy Waters ni òun fẹ́ràn jù nínú àwọn àgbà onígìtá. Mo ní ó dára, jẹ́ kí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọdún 1913 ni wọ́n bí Muddy Waters ní Mississippi, ọdún kan péré lẹ́yìn Bákàrè. Ní oko ni ó ti kọ́ orin blues, gìtá onígi ni ó ń ta. Ní 1943 ó kó lọ sí Chicago, ìlú ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin, ó rí i pé nínú ilé ọtí ibẹ̀ kò sí ẹni tí ń gbọ́ òun. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni gìtá oníná dé ọwọ́ rẹ̀. Ní 1948 àwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà bí àkàrà. Àwọn ọ̀dọ́ ní England gbọ́ ọ, wọ́n tẹ̀lé e, àwọn kan tilẹ̀ mú orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Rolling Stones, láti inú orin tí ó ṣe ní 1950.

Ariwo ìlú ńlá ni ó lé àwọn méjèèjì dé ìdí iná, ọ̀kan ní Chicago, èkejì ní Èkó, láàárín ọdún márùn-ún síra wọn. Ti Muddy Waters, ayé kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ tí ó wà ní Òtò sì kà á. Ti Bákàrè, ọmọ Òtò kan náà ní láti wá sí pálọ̀ mi kí ó tó gbọ́. Ẹ̀bi wa ni, àwa tí a gbọ́ àwo náà tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kò kéré. Bí okùn ti ní ohùn, ẹgbẹ́ jùjú lè fẹ̀ bí ó bá ti wù ú. I. K. Dáíró kó ènìyàn mẹ́wàá jọ sínú Blue Spots, ó gbé àkọ́díọ̀nù sí i, ọba òyìnbó obìnrin sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Fàtáì Rolling Dollar ń ta gìtá, ó sì gba ọmọkùnrin kan sí ẹgbẹ́ rẹ̀, Ebenezer Obey ni orúkọ rẹ̀. Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, ó sọ gìtá kan di púpọ̀, tí èyí ń béèrè tí èyí ń dáhùn. Sunny Adé dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí àwo rẹ̀ *Juju Music* lọ káàkiri ayé ní 1982, Adémọ́lá Adépọ̀jù ń ta gìtá onírin tí a ń tẹ́ lélẹ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà fi ń kọrin ìbànújẹ́ wọn. Lọ́wọ́ Adépọ̀jù, ó ń sunkún ní èdè Yorùbá.

Mo ní ní èdè Yorùbá, n kò sì ṣàwàdà. Onígìtá jùjú tí ó mọṣẹ́ kì í kàn ta okùn. Ó ń gbé òkè-odò ohùn wa sórí rẹ̀. Ó lè pa òwe lórí okùn kí onígángan parí rẹ̀. Bí mo ti wà lọ́mọdé, tí mo sùn lórí ẹní nílé bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe ìnáwó ní títì kẹta sí tiwa, mo ń gbọ́ ohun tí gìtá náà ń wí. Wọn kò pè mí, mo sì gbọ́. Ilé iná Ìjọra, tí wọ́n ṣí ní 1923, kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n lóru bẹ́ẹ̀ mo máa ń rò pé tìtorí gìtá yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

ÌDÁJỌ́ MI

Bàbá ọmọ náà gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ọkùnrin yẹn ńkọ́, báwo ni ìkẹyìn rẹ̀ ṣe rí?"

Tíṣà kì í purọ́ fún ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè gidi. Mo sọ fún un pé Bákàrè di ẹni ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Meranda rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Melodisc ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo rẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn pàtàkì ń pè é sí òde. Mo sì sọ fún un pé ní 1972 ni ó kú, ikú tí ó rú àwọn ènìyàn lójú tí a kò sì rí ìdí rẹ̀ tú. Túndé King tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ pàápàá, ọkọ̀ ojú omi ni ó bá lọ ní nǹkan bí 1939, ó sì pẹ́ ní ìdálẹ̀ kí ó tó padà sí Èkó ní 1954. N kò fi ọ̀kankan pamọ́. Iṣẹ́ orin lè fi ènìyàn ṣe ọba lálẹ́ kí ó má ní owó ọkọ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní, "Alágbe kọ́ ni ẹni tí ó mọ̀ pé ojú bánjò kò gba maikirofóònù, tí ó sì wá èyí tí yóò gbà á. Ẹ̀ńjíníà tí ẹ ń wá kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìdájọ́ tí mo dá ni pé gìtá yóò wà nílé mi. Ọmọ yóò máa bá bàbá rẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí owó lẹ́sìnnì yóò fi pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, yóò wá ta gìtá rẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún wákàtí kan, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onígángan kan tí ń gbé ní ẹ̀yìn ilé wa yóò sì máa wá bá a ṣeré, nítorí ẹni tí kò lè bá gángan sọ̀rọ̀ kò tí ì mọ ìdí tí gìtá rẹ̀ fi ní iná.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, bàbá rẹ̀ wá. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kò bọ́ fìlà. Ọmọ náà ń ta á, onígángan ń dá a lóhùn, kò burú. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ. Gbohùngbohùn kú pọ́ọ́, ọwọ́ ọmọ náà ṣì ń lọ lórí okùn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ìlù. Bàbá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó gbé etí sún mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Báyìí náà ni ó rí fún ọkùnrin yẹn kí ó tó fi iná sí i?"

Ọmọ náà ní, "Ó burú ju báyìí lọ, Dádì. Bánjò ni tirẹ̀."

Bàbá náà dìde, ó jáde. Mo rò pé ó ti ń lọ sílé ni. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, a gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé tí ó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ mi, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀kẹta.